Àsàbí Kan Ṣoṣo ní Bìní

Ọdún méjìlélógún ni Adéjọkẹ́ ti fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Atẹ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Bìní. Àwọn ọ̀gá a máa fi lẹ́tà tí wọ́n kọ wúruwùru lé e lọ́wọ́, yóò sì sọ ọ́ di ohun tí ojú lè kà. Ọmọ Ìgbájọ ni. Ọkọ rẹ̀ ló mú un wá sí Bìní. Nígbà tí ọkọ kú, ó dúró sínú yàrá méjì tí wọ́n jọ ń gbé nítòsí òpópónà Upper Sakponba, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá tí wọ́n ń lọ náà sì wà níbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí ló ti kíyè sí nǹkan kan. Nínú ìpàdé àwọn obìnrin, ẹ̀rí rere nìkan ni wọ́n ń jẹ́. Ṣùgbọ́n tí ìkórè bá dé, tí wọ́n bá ń dáná ní ẹ̀yìn ilé, tí èéfín bò wọ́n lójú, ọ̀rọ̀ mìíràn a máa jáde. Obìnrin kan a sọ̀rọ̀ ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tí wọn ò jẹ́ kó sunkún rẹ̀. Òmíràn a ní òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ràn mọ́. Bí ọkùnrin kan bá ti yọ ní igun ilé báyìí, wọ́n á kan sáárá sí ọbẹ̀.

Adéjọkẹ́ bá ronú pé ó yẹ kí ẹ̀yìnkùlé kan wà tí ẹnikẹ́ni ò ní yọ sí wọn níbẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìkànnì sórí ayélujára, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ẹ̀yìnkùlé. Àwọn obìnrin a fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Yóò tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, yóò sì pa ohùn náà rẹ́, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láàárín ọdún kan, ogójì ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà, ọmọ tiwọn gan-an kì í fi Yorùbá dá wọn lóhùn. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń sọ èdè wọn dé gbòǹgbò.

Òfin kan ló ṣe: kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, oríkì nìkan ni. Ohun tó mọ̀ nílé ló tẹ̀ lé. Ní Ìgbájọ, bí èèyàn bá dúró lójúde tó pe Àsàbí, obìnrin márùn-ún ni yóò dáhùn. Àwọn ará Bìní kò sì mọ oríkì ẹnikẹ́ni. 'Mama' pẹ̀lú orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe gbogbo wọn. Ó dá a lójú pé kò sí aṣọ tó bo èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Morọ́láyọ̀, ìyá Fìyìnfólúwa, tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àsàbí, ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kẹ́yìn. Díákónì Adésọjí, òṣìṣẹ́ báńkì, ni ọkọ rẹ̀. GRA, àdúgbò àwọn olówó, ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn méjèèjì. Ohun tó sọ kò gùn:

"Ọdún mẹ́rin rèé tí ọkọ mi ti bá mi sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn nínú ilé. Bí ó bá fẹ́ omi, ọmọ ni yóò rán sí mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á dì mí lọ́wọ́ mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ náà gbóná. Òun ni mo máa ń dúró dè láti ọjọ́ Ajé."

Nígbà tí Adéjọkẹ́ tẹ̀ ẹ́ tán, ó pè é.

"Ìyá Fìyìn, ṣé kí n gbé e síta bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ gbé e síta, sìstá mi. Ta ló mọ Àsàbí ní Bìní yìí?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n," ni Adéjọkẹ́ wí. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìyá Adésọjí wá kí wọn láti Iléṣà. Ìyá yìí fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ dọ́ba. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọjà Santana. Morọ́láyọ̀ fi ìyá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Jíbọ́lá, ọmọ ìjọ wọn tó ń ta ẹ̀wà, kí òun lè ra ẹja.

"Àsàbí, má pẹ́ o," ni ìyá ké tẹ̀ lé e.

Ìyá Jíbọ́lá fẹ́ dá àlejò lára yá. Ó yọ fóònù. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n ka nǹkan fún yín. Yorùbá gidi ni."

"Kà á, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, mo ní kí ọmọ gbé omi fún mi, ó ní 'Grandma, e dey fridge.' Mo ní ta ni Fíríìjì, ṣé àbúrò rẹ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Jíbọ́lá bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ka oríkì tó wà nísàlẹ̀. Ìyá kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àsàbí mélòó ló wà nínú ìjọ yín?"

Ìyá Jíbọ́lá fi ìka ka àwọn obìnrin ìjọ. Ẹyọ kan ni. Òun pàápàá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Morọ́láyọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí ìyá pè é níṣojú rẹ̀.

Ìyá kò bá ìyàwó wí. Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ rẹ̀ ló bi léèrè: "Adésọjí, ọ̀rọ̀ ilé yín ni wọ́n kà sí mi létí lọ́jà. Kí ni ọmọ olọ́mọ ṣe fún ọ tí o fi yàn án lódì?" Ó rò pé òun ń tún ilé ṣe ni. Adésọjí dìde, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin.

"Kó ẹrù rẹ," ló wí.

Adéjọkẹ́ ló sin Morọ́láyọ̀ dé ibùdókọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ló ń lọ. Àwọn ọmọ kò bá a lọ. Bàbá wọn kò gbà.

"Ìyá Fìyìn, èmi ni mo fà á," ni Adéjọkẹ́ wí.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà má jẹ́ kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́ lórí ìkànnì. Mo di gbogbo ẹrù yìí, mi ò rí èyí tó jẹ́ tèmi nínú rẹ̀ tó ìyẹn."

"Mi ò ní pa á rẹ́."

Ọ̀rọ̀ ti tàn ká ìjọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé léra wọn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ tèmi. Àwọn tó fi omijé sọ tiwọn kò kí i mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Adéjọkẹ́ ń yọ wọ́n bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, títí ó fi ku ọ̀rọ̀ Àsàbí nìkan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Bámidélé, olórí àwọn àgbà ìjọ, pè é sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Kò bínú. Ó fún un ní àga.

"Sìstá Jọkẹ́, a ò bá ọ jà. Díákónì ní bí nǹkan yẹn bá kúrò níbẹ̀ lónìí, àwọn ọmọ yóò bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Fìyìn ò jẹun láti ọjọ́rú. Fóònù rẹ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, sà."

"Ṣe é níṣojú mi, kí n lè jẹ́rìí fún un."

Ó rò ó pé kí òun kọ́kọ́ dà á kọ síbì kan, ṣùgbọ́n ojú àgbàlagbà náà wà lórí ìka rẹ̀. Ó rántí ìlérí ibùdókọ̀. Ó rántí Fìyìn. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì lọ.

"Olúwa yóò bù kún ọ," ni Bàbá Bámidélé wí, ó sì tún agbádá rẹ̀ ṣe.

Lọ́jọ́rú, bí ó ti ń tẹ lẹ́tà ọ̀gá kan lọ́wọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé láti Àkúrẹ́:

"Sìstá mi, mi ò tíì gbọ́ ohùn àwọn ọmọ o. Mo wá ọ̀rọ̀ mi kí n kà á fún ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí i. Ṣé nẹ́tíwọ́kì ni?"

Adéjọkẹ́ tẹ èsì, ó pa á rẹ́. Ó tẹ òmíràn, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ọ̀gá ké sí i láti yàrá kejì pé lẹ́tà òun ńkọ́. Ó da ojú fóònù dé orí tábìlì, ó sì padà sídìí lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ náà parí, òmíràn wọlé, kò fèsì.