Báńkì Tí Mo Dá Sílẹ̀ Fún Ara Mi

Ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń wọ kóòtù wá sí ọ́fíìsì wa ní Yábàá nínú oòrùn ọ̀sán gangan ló ta ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún mi.

"Àbúrò, you go be your own bank," ló wí. "Tó o bá nílò owó, wàá yá a lọ́wọ́ ara ẹ. Àwọn olówó ò fẹ́ kó o mọ̀."

Èmi tí mo jáde yunifásítì, mo mi orí bí alángbá, mo fọwọ́ síwèé. Oṣù yẹn náà ni mo jáwọ́ nínú àjọ tí èmi àti ìyá mi ń bá àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ dá ní Múṣín. Mo ní àjọ kì í ṣe nǹkan ọ̀làjú. Ìyá mi, tó ti ń ta bọ́tìnnì àti òwú kí wọ́n tó bí mi, wò mí, ó sì padà sídìí òwú rẹ̀.

Nígbà tó di ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó bọ́tìnnì pupa fún ẹni tó béèrè dúdú. Dókítà ní nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀, àfi iṣẹ́ abẹ, kó tó fọ́ pátápátá. Mo fẹsẹ̀ olówó rìn lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Costain, mo ní mo wá yá owó ní báńkì mi. Iye tí mo lè yá, tí ọmọbìnrin ibẹ̀ fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà, kò lè ra gíláàsì ojú.

"Tuntun lẹ ṣì jẹ́, sà," ló wí. "Díẹ̀díẹ̀ ló máa pọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kú lónìí, gbogbo owó tá a kọ sínú ìwé yín la máa san." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàdúrà fún mi.

Ẹ̀gbọ́n oníkóòtù kò gbé fóònù mi mọ́. Àwọn alájọ tí ìyá mi kò fi sílẹ̀ ló yọ wá. Obìnrin tí àjọ kàn lóṣù yẹn ní kí ìyá mi kọ́kọ́ kó o, òun á dúró. Kò sẹ́ni tó ní ká fọwọ́ síwèé kankan. Ojú tì mí gan-an ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ìyá mi ní kí n gbé ìwé ìnṣọ́ránsì mi wá kí òun wò ó. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ibi tí wọ́n kọ ẹni tí yóò gba owó bí mo bá kú sí. Orúkọ rẹ̀ ni mo kọ síbẹ̀, tayọ̀tayọ̀. Mo rò pé yóò dúpẹ́.

"Ta ló sọ fún ẹ," ló wí, "pé èmi ni mo máa sin ẹ́?"

Ó wá bú sẹ́kún, pẹ̀lú ojú tí dókítà ní kó má tíì fi sunkún.