Ẹ́ńjìnnì Gbóná, Mo Sì Dákẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín bó ṣe rí gan-an. Ẹ̀bi tèmi ni màá kọ́kọ́ gbé síwájú, kí ẹ má baà fi gbogbo ẹnu bá mi bú ẹlòmíì. Lọ́jọ́ tí mo ra mọ́tò, mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbóná. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo dákẹ́.

Bọ̀dá Múfú, mẹkáníìkì àdúgbò wa ní Lálúpọn, ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣíná sí i, kí n fọwọ́ kàn án. Bó bá tutù, kí wọ́n ṣíná lójú mi. Bó bá ti gbóná, á jẹ́ pé wọ́n ti tì í títí tó fi tan kí n tó dé ni, kí n máa bọ̀ nílé. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn le? Kò le! Kí ló dé tí mi ò mú Bọ̀dá Múfú fúnra wọn dání? Mo ní wọ́n á gba owó iṣẹ́, pé màá kúkú fi ìyẹn ra epo. Ọlọ́gbọ́n!

Ẹ̀gẹ́ ìyá mi ni mo fi ra mọ́tò náà. Wọ́n ta gbogbo èyí tó wà lóko wọn lórí ìdúró, títí kan èyí tí kò tíì gbó, kí n lè ra bọ́ọ̀sì kékeré kan tí màá máa fi kó gàrí àwọn obìnrin abúlé wa lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀kadà ni mo ń gùn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àyà àwọn máa ń já bí òjò bá ti ṣú. Wọn ò ní oko míì o.

Alákìá ni ọgbà tí wọ́n ti ń ta mọ́tò yẹn wà. Àlàájì tó ni ibẹ̀ gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí, wọ́n ní bàbá àwọn lọ́rẹ̀ẹ́ ní Lálúpọn. Bí wọ́n ṣe pe ìrun Àsárì nìyẹn. Àlàájì fúnra wọn ló bu omi àlùwàlá fún mi! Àwọn náà ló ṣe lémọ́ọ̀mù, a tò sẹ́yìn wọn.

A kírun tán, wọ́n mú mi lọ sídìí bọ́ọ̀sì. Mo gbọ́wọ́ lé e. Háà! Bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Àlàájì ní, "Wàláhì, ọmọ mi, èyí ò ní yọ ọ́ lẹ́nu."

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí, ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ forí kanlẹ̀ lẹ́yìn wọn, ẹnu wo ni màá fi sọ pé ẹ jẹ́ kó tutù ná? Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn àti kí èèyàn pe àgbà ní òpùrọ́, ọgbọọgba ni. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ló pa á. Oòrùn! Abẹ́ páànù ni wọ́n gbé e sí. Mo sanwó, mo fọwọ́ sí ìwé tí mi ò kà.

Nígbà tí mo gbé e délé, ìyá mi kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tan. Gbogbo agbo ilé ló tì í. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní bátìrì ni. Ọjọ́ kẹta, mo kó gàrí, a ò tíì dé Ìbàdàn tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ló bá kú pátápátá.

Bọ̀dá Múfú wá bá mi lójú ọ̀nà. Wọ́n tú ọ́ìlì rẹ̀ sílẹ̀, ó funfun bí ògì. Omi ti ń wọ inú ọ́ìlì náà tipẹ́.

"Wàsíù, ṣé o fọwọ́ kàn án?"

Mo ní mo gbàgbé.

"Ó gbàgbé!" Wọ́n pòṣé. "Òkú ni wọ́n dì fún ọ, o tún ń bá a kó gàrí. Ẹ́ńjìnnì yìí ti tán."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sí Alákìá, wọ́n á ṣáà ní Àlàájì rìnrìn-àjò. Nígbà karùn-ún, ìyá mi ní àwọn á tẹ̀ lé mi. A jókòó sẹ́nu géètì láti àárọ̀. Ìrun Àsárì ló mú Àlàájì jáde, wọ́n tún bọ́ síwájú. Ìyá mi tẹ́ ìborùn wọn sílẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, wọ́n ń kírun. Mo ní ẹ̀yìn ọkùnrin yìí náà lẹ ti fẹ́ kírun? Wọ́n ní, "Ti Ọlọ́run ni mò ń kí, mi ò kí ti Àlàájì."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe èmi nìkan wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kí wọ́n gba mọ́tò wọn, kí wọ́n dá ìdajì owó padà, tàbí kí wọ́n fún mi ní ẹ́ńjìnnì míì, èyí tó bá wù wọ́n. Mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún yín. Wọ́n yọ ìwé tí mo fọwọ́ sí jáde: bí mo ṣe rí i ni mo ṣe rà á.

Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Ṣebí o gbọ́wọ́ lé e? Mo ń wò ọ́. Mo ní ọmọ yìí mọ̀ ọ́n o, á sọ̀rọ̀ báyìí. O ò sọ̀rọ̀. Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

Mo dìde nílẹ̀, mo gbọn eruku ara mi, mo jáde.

Bọ́ọ̀sì náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa, adìyẹ ló ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kadà ọlọ́kadà ni mò ń gùn báyìí. Ìyá mi ń bá ẹlòmíì bó ẹ̀gẹ́ gbowó, ẹni tó jẹ́ pé èèyàn ló máa ń bá wọn bó tẹ́lẹ̀ o. Ọ̀bẹ ti gé wọn ní àtàǹpàkò ẹ̀ẹ̀mejì.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé a lè bọ̀wọ̀ fún àgbà ká tún ní kí ẹ́ńjìnnì tutù ná. Àgbà tó bá bínú sí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ò gbọdọ̀ ra mọ́tò lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe? Ǹjẹ́ ẹnì kan rí owó rẹ̀ gbà? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Apá mi ò ká a mọ́.

Nígbà tí mo jáde lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi dìde lẹ́nu géètì, wọ́n bi mí pé kí ni Àlàájì wí. Mo ní wọ́n ní kò sówó lọ́wọ́ àwọn ni. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ní gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó fún Àlàájì lówó, kó lè rántí wa, èmi náà á sì ṣe àmín. Ẹ̀gẹ́, bí mo bá pẹ́ láyé, màá gbin òmíràn fún wọn. Èsì tòótọ́ sí ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́nu géètì yẹn ni gbèsè tí mo ṣì jẹ wọ́n.