Korobá Iyanrìn Ẹnu Ọ̀nà

Bí òórùn ẹ̀pà yíyan bá ti kan mí nímú, ojú mi á kọ́kọ́ wá ibi tí iná ti lè ṣẹ́ yọ. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní ilé ìyá rẹ̀ ní Savè ni ó sọ mí dà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ bíró, ti ọ́fíìsì, ni mo ń ṣe nígbà náà, ilé ìyá náà la sì ń gbé. Bí mo bá ti dé ní ìrọ̀lẹ́, màá jókòó ti àpótí ìjókòó tí mo ń gbẹ́, màá máa fi irin gbígbóná sun àrà sí i lára. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìyá ìyàwó mi fún mi ní ìdajì yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Ìdajì kejì, tí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ pààlà sí, ni ó kó àpò irúgbìn ẹ̀pà rẹ̀ sí, èyí tí yóò gbìn sí oko rẹ̀ ní Boni bí òjò bá rọ̀. Kò ní irúgbìn mìíràn. Bí iná bá jó àwọn àpò yẹn, ọdún náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo mọ èyí dáadáa, nítorí náà mo sọ ara mi di ọ̀gá panápaná. Mo ń gbá èérún igi kúrò nílẹ̀ kí n tó koná. Mo ń dé agolo fẹ̀nì, òróró tí ń mú igi dán, kí atẹ́gùn rẹ̀ má bàa pàdé ẹyin iná. Orí òkúta ni mo ń gbé irin lé, n kì í sì í wọ ẹ̀wù ńlá sídìí iṣẹ́. Èyí tí mo fi ń yangàn jù ni korobá iyanrìn ẹnu ọ̀nà, torí omi kì í pa iná òróró, ńṣe ló ń gbé e rìn. Mo lọ bu iyanrìn náà létí odò Okpara, mo ṣa òkúta inú rẹ̀, mo fi ajọ̀ jọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná. Ta ló tilẹ̀ sọ fún mi pé iná ń ṣa iyanrìn jẹ?

Ohun tí n kò rò ni pé inú iyanrìn gbígbóná ni ìyá náà ti ń yan ẹ̀pà tó ń tà, kò sì sí ohun tí aláyan ẹ̀pà ń wá tó iyanrìn tí kò ní òkúta. Kò pẹ́ tí iyanrìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Mo mọ ẹni tó ń bù ú, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àna rẹ̀ jà nítorí iyanrìn? Ẹni tí mo ń dọ̀bálẹ̀ kí láràárọ̀! Ìyàwó mi ni mo ráhùn sí, òun náà sì sọ fún ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni korobá mi ti ń kún dẹ́múdẹ́mú. Mo ní mo ti borí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń sun àrà lọ́wọ́ nígbà tí aládùúgbò kan kí mi láti ìta. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi fi irin gbígbóná tèmi sórí èérún igi tí n kò tíì gbá, mo yíjú ń kí ènìyàn. Kí n tó wẹ̀yìn, iná ti mú agolo fẹ̀nì tí mo gbàgbé láti dé, ó ti ń gun pákó lọ sọ́dọ̀ àwọn àpò. Mo gbá korobá mú, mo dà á lé e lórí. Iyanrìn fẹ́lẹ́ ló wà lókè. Èèpo ẹ̀pà ló kún ìsàlẹ̀. Inú iná dùn, ó dìde dúró.

Ìyá sáré dé pẹ̀lú igbá omi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé ẹni tó jẹ́.

“Ẹ má da omi sí i! Ẹ dúró síbẹ̀!”

Ó dúró gbagidi. Mo sáré kọjá lára rẹ̀ dé ìdí ààrò, mo fi ẹ̀wù mi di agbada rẹ̀ mú, mo sì da iyanrìn gbígbóná tòun tẹ̀pà lé iná náà. Ó kú. Pákó náà dú, àwọn àpò sì yè.

Ìyá fọwọ́ kan àwọn àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi.

“Àna mi, ta lò ń jágbe mọ́?”

Mo na gbalaja sínú eérú. “Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Ta ló kó èèpo sí korobá?”

“Èmi ni. Wọ́n ní inú rẹ kò dùn pé kò kún. Mo sì jẹ́ kó kún.” Ó ṣa ẹ̀pà kan nínú eérú, ó jù ú sẹ́nu, ó tutọ́. “Fẹ̀nì ló ń rùn.”

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti wọn ọ̀rọ̀ kó tó bá mi sọ ọ́ mọ́. Ó ń rán mi níṣẹ́, ó ń bá mi wí bó ti ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí, ó sì ń bú mi bí mo bá pẹ́ẹ́ dé. Inú mi dùn sí i ju gbogbo ẹ̀yẹ àna lọ. Mo ṣì ń gbẹ́ àpótí, ní gbangba ìta báyìí, n kì í sì í koná láìkọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ korobá.

Ojú Ìyá ti ń ṣe bàìbàì. Lọ́dún yìí, nígbà tó tó àkókò àtiṣa irúgbìn, kò pe àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Èmi ló ránṣẹ́ sí. A jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá èyí tó dára, ó ń kó o sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, èmi ni yóò máa tọ́jú irúgbìn ilé. Mo rọra pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́ ẹ̀pà náà.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé o ò ní pariwo lónìí?”

Mo na gbalaja sílẹ̀, mo di irúgbìn náà mú sọ́wọ́ kí ó má bàa dànù.