Ohun Tí Ìyá Ìwé Kọ Sílẹ̀

Àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìwé. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìwé mẹ́fà ló kà kí bàbá rẹ̀ tó kú, ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń ṣọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kó jókòó sórí àga onígi lẹ́nu ọ̀nà yàrá oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá, kó máa wò wọ́n, kó sì máa kọ ohun tí oníkálukú ń ṣe sínú ìwé ńlá kan ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní àyè fún aago, orúkọ, àti ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún. Ó ń sùn. Ó ń jẹun. Ó ń rìn kiri. Àyè tí èèyàn lè kọ "nítorí kí ni" sí kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwé náà kò rò pé ẹnikẹ́ni máa béèrè.

Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni dókítà máa ń ka ìwé yẹn. Òun ló fi ń mọ ẹni tó lè máa lọ sílé.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò. Ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn ni ìyá rẹ̀ mú un wá, nígbà tí kò jẹun mọ́, tí kò sùn mọ́, tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Oògùn ti ṣiṣẹ́. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ sì tún ti mú bí abẹ. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Bí dókítà bá tú u sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, á bá a. Bí kò bá tú u sílẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Ìyá Ìwé, mo sín. Ẹ kọ ọ́."

"Jọ̀ọ́, fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sín o. Ẹ má lọ fi ọ̀kan pa mọ́ fún dókítà."

"Màá kọ ọ́ pé ẹnu rẹ kì í dákẹ́. Ìyẹn ni wọn ò tíì rí oògùn ẹ̀."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì tuntun kan yẹ abẹ́ ìrọ̀rí wò, ó sì rí ìwé ìṣirò Lọ́yà. Wáyà ni wọ́n fi di ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà kò gbọ́dọ̀ wọ wọ́ọ̀dù. Òfin ni, òfin tó nídìí sì ni. Lọ́yà ní kí wọ́n yọ wáyà náà, kí wọ́n kó bébà rẹ̀ fún òun. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ní ó di ọwọ́ mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn. Mátírọ́ọ̀nù ti lọ sílé. Nọ́ọ̀sì ti ìwé náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni Lọ́yà wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀kùn, tó ń pariwo pé kí ẹnì kan dá òun lóhùn.

Aago mẹ́rin àbọ̀ lù. Ìyá Ìwé wo àyè ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn, ó wò ó pẹ́. Ó kọ ọ́: Ó ń pariwo, ń lu ilẹ̀kùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì jókòó yí tábìlì ká. Àga kì í sí fún àwọn olùṣọ́. Ìdúró ni wọ́n máa ń wà. Dókítà fi ìka tọ ìlà náà.

"Ọjọ́ méjì sẹ́yìn nìyí. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, sà," Ìyá Ìwé ní. "Ìwé ẹ̀ ni wọ́n gbà. Ìdánwò ló ń kà á fún. Èmi náà ì bá lu ilẹ̀kùn."

"Ṣé ká wá bẹ́ẹ̀dì kan fún ìwọ náà?" ni mátírọ́ọ̀nù wí.

Ẹ̀rín sọ yí tábìlì ká. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ìwà pẹ̀lẹ́ tí kì í ná an ní nǹkan kan.

"Mà, ṣé ẹ kọ ìyẹn síbí?"

"Àyè ò gbà á, sà."

"Ohun tí mo bá rí kà ni mo lè fi ṣiṣẹ́." Ó ṣí ojú ìwé tó kàn.

Nígbà tí Lọ́yà gbọ́, kò lu nǹkan kan. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó pa òwe yẹn kò dé wọ́ọ̀dù rí. Níbí, ẹni tó bá sọ tẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń dá dúró.

"Má bínú, ọmọ mi," Ìyá Ìwé sọ fún un.

"Mi ò bínú, mà. Tí mo bá bínú, ẹ máa kọ ọ́."

Ìyá Ìwé padà sórí àga onígi rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́sàn-án, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣí bébà ìbéèrè, Ìyá Ìwé fi ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ kọ ọ́ síwájú orúkọ Lọ́yà kí àyè lè gbà á: Ó yẹ kó wà níbi ìdánwò. Ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé aago méjìlá, ìlà méje gbáko.

Mátírọ́ọ̀nù rí i lọ́sàn-án. "Kí lo kọ síbí?"

"Ohun tí mo rí ni, mà."

"Ohun tó ń ṣe la ní kí o máa kọ. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa ṣe." Ó fa ojú ìwé náà ya, ó na bírò sí i. "Kí ló ń ṣe láti aago mẹ́sàn-án?"

Ó ku ọdún mẹ́rin kí Ìyá Ìwé fẹ̀yìn tì. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Ó gbójú sókè. Lọ́yà ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó jókòó, mà."

"Kọ bẹ́ẹ̀."

Ó kọ bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀meje, ọmọ náà sì wò ó títí ó fi kọ ìkeje tán. Irọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, dókítà kà á, ó ní ara ọmọ ti balẹ̀ dáadáa, ó sì buwọ́ lù ú pé kó máa lọ sílé. Bébà mẹ́rin ti kọjá nínú ìdánwò náà.