Elégédé Tó Kọlà ní Dagenham

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ìbẹ́pẹ tó ń tanná fún mi. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, ní ìparí oṣù kẹwàá, nínú kíṣìnnì wa ní Dagenham, nílùú òyìnbó. Màmá mi ti dín àkàrà kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé títí dé orí àtẹ̀gùn. Ooru òróró ti jẹ́ kí gíláàsì fèrèsé làágùn, èmi sì ń fi ìka ya ojú èèyàn sára rẹ̀. Bàbá mi jókòó, wọ́n ń fi àkàrà jẹ búrẹ́dì. Wọ́n wo ohun tí mo yà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí mo wà bíi tìẹ báyìí," wọ́n ní, "ìbẹ́pẹ la máa ń lò."

Wọ́n ní ní àdúgbò àwọn ní Ọ̀yọ́, tí òṣùpá ò bá yọ, àwọn ọmọdé á já ìbẹ́pẹ ńlá kan tí kò tíì pọ́n. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á fi ṣíbí ha inú rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi fẹ́lẹ́, wọ́n á dá ihò ojú àti ẹnu sí i, wọ́n á wá ki àbẹ́là tó ń jó bọ inú rẹ̀. Wọ́n á gbé e ka orí ògiri àlàpà lẹ́bàá ọ̀nà odò, wọ́n á sì sá pamọ́. Ẹni tó bá ń pọn omi bọ̀ á da omi nù. Lọ́jọ́ kan, ìyá wọn fúnra wọn ló da omi nù, ni wọ́n bá fi ọwọ̀ lé bàbá mi yí agboolé ká. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àkàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ há wọn lọ́fun nítorí ẹ̀rín.

Ohun tó fa ìtàn náà jókòó sórí tábìlì níwájú wa. Elégédé ni, ó tóbi, ó rọ́bọ́tọ́, ó pupa bí ọsàn. Màmá mi rí i lọ́jà Barking lọ́jọ́ tó ṣáájú, inú wọn sì dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ ọbẹ̀ elégédé gbẹ̀yìn. Wọ́n bi ọkùnrin tó ń tà á bóyá ó máa ń tètè jinná, ọkùnrin náà wò wọ́n títí, ó ní òun ò tíì rí ẹni tó sè é rí. Kò yé màmá mi pé ẹnu ọ̀nà ni àwọn yòókù ń rà á fún. Kí wọ́n tó jáde láàárọ̀ yẹn, wọ́n nàka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan elégédé àwọn, àwọn máa dé wá sè é kí àwọn tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níhìn-ín nígbà tí èmi náà ń dàgbà, ẹ ó rántí àwọn ilé bíríkì wọ̀nyẹn, bí wọ́n ṣe tò lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní géètì kékeré. Ẹ ó rántí pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ Halloween, àwọn ọmọ á gé ihò sí báàgì dúdú tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, wọ́n á wọ̀ ọ́ lẹ́wù, wọ́n á kun ojú, wọ́n á sì máa kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé gba súìtì. Òfin kan wà tí gbogbo ọmọ mọ̀: ilé tí kò bá gbé nǹkan kan síta, wọn kì í kàn án. Wọn kì í kan tiwa.

Lọ́dún tó ṣáájú, mo ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú abọ́ súìtì, mo fi etí mọ́ ihò tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí. Mo gbọ́ géètì ilé ọwọ́ ọ̀tún, mo gbọ́ ti ọwọ́ òsì. Tiwa ò dún. Ẹ̀gbọ́n mi Bísí bá mi jẹ súìtì náà lórí àtẹ̀gùn, ó ní kí n má da ara mi láàmú. Nígbà tí a padà sí ilé ìwé, mo bi Darren, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní òdìkejì títì, ìdí tí kò fi wá.

"Ẹ ò gbé nǹkan kan síta," ó ní. Ó ronú díẹ̀. "Ojú dádì ẹ sì máa ń bà wá lẹ́rù."

Kò sọ ọ́ tìkà-tìkà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀. Bàbá mi kọ àbàjà: ilà mẹ́rin dábùú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́rin dábùú òsì. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò rò ó rí. Bí ojú bàbá mi ṣe rí nìyẹn ni tèmi.

Nítorí náà, lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo ti fi sọ́kàn pé wọ́n gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn wa. Tíṣà wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí gọ́ọ̀mù kì í kúrò níka rẹ̀, kọ́ wa ní iṣẹ́ ọwọ́ ìgbà ìwọ́wé. A to ewé gbígbẹ sára okùn. Mo fi páálí rọ́bọ́tọ́ tó máa ń kù tí tísù bá tán ṣe òwìwí. Mo gé bébà dúdú ní àdán. Mo ki òwú sínú ìbọ̀sẹ̀ dúdú bàbá mi, mo rán bọ́tìnnì méjì sí i lójú, ó di ológbò. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo tò wọ́n sójú fèrèsé pálọ̀ kí màmá mi tó dé.

Ilé àwọn arúgbó kan lọ́nà Rush Green ni màmá mi ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ ìjọ Aládùúrà tó dájú sì ni wọ́n. Wọ́n wọlé, wọn ò tíì bọ́ kóòtù, wọ́n dúró síwájú fèrèsé.

"Àdán. Òwìwí. Ológbò dúdú." Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, wọ́n bọ́ èkejì. "Kí ló wá kù? Ẹ kúkú lọ pe àjẹ́ fúnra rẹ̀ wá, ká fún un lága, ká bi í bóyá á mu tíì."

Bísí bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in.

"Mọ́mì, tíṣà wa ló kọ́ wa."

"Tíṣà yín ò mọ̀. Ẹyẹ lásán ni òwìwí lójú tiwọn. Nílé bàbá mi n'Íjẹ̀bú, tó bá ké lórí òrùlé, kò sẹ́ni tó tún máa sùn."

Ewé nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ní ewé ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kó àwọn yòókù dà nù, àfi ológbò, tí bàbá mi rọra yọ padà, nítorí pé wọ́n ti ń wá ìbọ̀sẹ̀ yẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di òwúrọ̀ Sátidé tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Halloween, ẹnu ọ̀nà wa sì ṣófo. Bàbá mi jẹ àkàrà tán, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n gbé elégédé yípo lórí tábìlì bí ẹni tó ń wo orí ọmọ tuntun.

"Inú rẹ̀ ni ìyá yín fẹ́ jẹ," wọ́n ní. "Wọn ò sọ pé àwọn fẹ́ jẹ èèpo."

"Dádì, wọ́n máa bínú o," ni Bísí wí. Ó sì ti ń wá ọ̀bẹ bó ṣe ń sọ ọ́.

A tẹ́ ìwé ìròyìn. Bàbá mi gé orí rẹ̀ bíi fìlà, òórùn tútù kan jáde, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la bàrà. Èmi ha inú rẹ̀ sínú abọ́, Bísí ń fọ kóró rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Bàbá mi dá ojú méjì, wọ́n dá ẹnu. Mo fẹ́ kí eyín rẹ̀ mú ṣóńṣó, wọ́n ní rárá, eyín èèyàn ni àwọn mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n sún sẹ́yìn wò ó.

"Kò tíì jọ ẹnikẹ́ni," wọ́n ní. "Bó ṣe wà yìí, òkú ni ìyá yín máa pè é."

Wọ́n mú ọ̀bẹ kékeré, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fín-ín-fín-ín, kí ọ̀bẹ má bàa wọlé jù, kí iná lè hàn láti inú. Ilà kan. Ilà kejì. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí wọ́n ń ṣe.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn sí i."

"Kí ló dé?"

Mo wolẹ̀. "Darren ní ojú yín ń ba àwọn lẹ́rù. Ìyẹn náà wà lára ìdí tí wọn kì í fi í kan ilẹ̀kùn wa."

Bísí pa omi ẹ̀rọ. Bàbá mi ò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n kàn nù ún sára ìwé ìròyìn.

"Ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ àdírẹ́sì?"

"Nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì."

"Ó dáa. Nígbà tí wọ́n bí mi, ilé wa ò ní nọ́ńbà. Ojú ọmọ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Tí mo bá sọnù lọ́jà, ẹni tó bá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á mọ ilé tí mo ti wá, á mú mi dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi, á kanlẹ̀kùn." Wọ́n fa ilà kẹta. "Kì í ṣe pé kí èèyàn lè sá ni wọ́n ṣe kọ ọ́, Káyọ̀. Kó lè mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn ni."

Mo di elégédé náà mú kó má yí títí wọ́n fi parí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

Ilẹ̀ tètè ṣú, bó ṣe máa ń ṣú lásìkò yẹn. A gbé e sí ẹnu ọ̀nà, a tan àbẹ́là sí i, òórùn fìlà rẹ̀ tí iná ń jó sì dà bí ti iṣu sísun. Ilà mẹ́jọ tàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi etí mọ́ ihò lẹ́tà. Géètì dún. Ìṣísẹ̀ ẹni tó wọlé ni mo fi mọ̀ pé màmá mi ni.

Wọ́n dúró síwájú elégédé náà. Wọ́n wá ní, "Bàbá Bísí."

Bàbá mi ṣílẹ̀kùn. "Ìyá Bísí, káàbọ̀."

"Ta lẹ gbé jókòó síbí?"

"Ará ilé ni."

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó dáadáa. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì yìí ò gún."

"Tèmi náà ò gún. Olóólà ń kánjú lọ́jọ́ náà."

"Ẹ sì mọ̀ pé mo fẹ́ se é."

"Inú rẹ̀ wà nínú abọ́. Bísí ti fọ kóró rẹ̀ fún ẹ."

"Orí rẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé kí n wá gbé orí ọkọ mi jù sínú dọ́sítíbìnnì lójú gbogbo àdúgbò?" Èjìká wọn ti ń mì. Nígbà tí ẹ̀rín náà jáde, wọ́n fi ọwọ́ di ògiri mú. "Ẹ tiẹ̀ sún un wọlé díẹ̀. Òjò máa pa á."

Màmá mi ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán, sùtánà funfun, fìlà funfun, ẹsẹ̀ lásán, nígbà tí géètì tún dún. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa. Màmá mi ló sún mọ́ ọn, àwọn ló sì ṣí i. Darren ni, nínú báàgì dúdú, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, Kelly, nínú báàgì tó ń wọ́ nílẹ̀. Darren wo màmá mi láti òkè délẹ̀, ó sì fi òyìnbó Dagenham rẹ̀ tó máa ń gé ọ̀rọ̀ jẹ sọ pé nínú gbogbo iwin tó wà ní títì yìí, ti màmá mi ló dára jù.

"Kí ló wí?" màmá mi bi Bísí.

"Ó ní aṣọ yín funfun gan-an."

"Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa," ni màmá mi wí, wọ́n sì wọlé lọ bu ṣinṣín tí wọ́n dín fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Kelly ò wò wọ́n. Ó ń wo elégédé, ó tún wo bàbá mi tó dúró lẹ́yìn mi, ó tún wo elégédé.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" ó ní.

"Èmi ni," bàbá mi dá a lóhùn. "Tí mo bá wà níbi iṣẹ́, òun ló ń ṣọ́ ilé."

"Ṣé ó dùn ẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é?"

"Ó ní láti dùn mí. Mo kéré jù ẹ́ lọ, mo ti gbàgbé."

Kelly rò ó wò, ó dà bíi pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó na báàgì rẹ̀ sí wa. Kò pẹ́ tí wọ́n jáde ni géètì tún dún, nítorí ó ti sọ fún àwọn yòókù pé ilé ọkùnrin elégédé ń fúnni ní nǹkan dídùn tó ń ró kàràkàrà lẹ́nu. Ṣinṣín ṣọ́ọ̀ṣì tán pátápátá. Màmá mi pẹ́ dé ìsìn, wọ́n sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé àwọn ń ṣàlejò àwọn ọmọdé, òótọ́ sì ni. Láti ọjọ́ yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Elégédé ni gbogbo ọmọ títì wa ń pe bàbá mi, wọ́n sì ń dáhùn. Ní ti kóró elégédé náà, màmá mi sá a sórí irin tó ń mú ilé gbóná, wọ́n ní àwọn máa fi se ẹ̀gúsí. Ó gbà wá ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ láti bó ife kékeré kan. Ọbẹ̀ náà ò dà bí ẹ̀gúsí rárá, a sì jẹ ẹ́ tán nítorí ìka wa tó bó.

Bàbá mi ti padà sí Ọ̀yọ́ báyìí pẹ̀lú màmá mi. Beam Park ní Dagenham ni èmi ń gbé, lórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ rí. Ọdọọdún ni èmi àti ọmọ mi obìnrin ń gbẹ́ elégédé, bàbá mi á sì sún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ fóònù láti Ọ̀yọ́ kí a lè wò ó kọ. "Mẹ́rin ni o," wọ́n á ní, "ẹ má jẹ ọ̀kan mọ́ mi lójú." Ojú tèmi ń dán, ti ọmọ mi náà ń dán. Ara elégédé nìkan ni ilà ilé wa wà ní ìlú yìí, títí yóò fi rà.

Mo máa ń rántí ọmọ tó fi etí mọ́ ihò lẹ́tà yẹn. Ilẹ̀kùn tèmi ní aago tó ní kámẹ́rà. Tí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́, màá wo fóònù lórí àga mi, màá sì máa bá oúnjẹ mi lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti wà níbẹ̀, n kò sì mọ orúkọ ẹni tí a jọ pín ògiri. Ọmọ yẹn ì bá pè mí ní aláìmọ̀kan. Lọ́dún yìí, mo ti yọ bátìrì aago náà, mo ti gbé àga kékeré kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì ti dín ṣinṣín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, tí ẹ bá gba títì wa kọjá, tí ẹ rí elégédé kan tó kọ àbàjà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ẹ ó kanlẹ̀kùn?