Ọ̀pá Ìwọ̀ Tí Amọ̀tán Lá

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí dókítà eyín gbé ọ̀pá ìwọ̀ àtijọ́ kan wá sí ìsọ̀ Amọ̀tán, bàbá tó ń ṣe ọ̀pá ìpẹja, tó sì ń tún un ṣe. Ọwọ́ ẹnìkan ló ti rà á. Ó fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ òrùka kan tí okùn ń gbà kọjá, kí wọ́n sì bá òun mọ ẹni tó ṣe é. Amọ̀tán gbé awò ojú méjì lé ara wọn, ó ka òwú tí wọ́n wé mọ́ ọn, ó yọ ahọ́n, ó sì lá ọ̀pá náà láti ìdí dé orí. Dókítà ń wo ahọ́n yẹn bí ẹni pé kó sáré lọ mú irinṣẹ́ wá.

"Ọwọ́ ọ̀gá nìyí," ni Amọ̀tán wí. "Ìyípo méjìdínlógún, ìkankan ò gun èkejì. Ẹni tó wé òwú yìí ti kú tipẹ́. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo wé e. Nígbà tí ẹ wà ní ọsibítù ni ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ gbé e wá pé ká tún òwú rẹ̀ wé."

Amọ̀tán wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú pé o ò tíì kú?"

Bí bàbá náà ṣe rí nìyẹn. Kò sí ọ̀pá tí kò mọ ẹni tó ṣe é, èyí tí kò bá sì mọ̀, yóò ti mọ̀ ọ́n kí o tó jókòó. Ó ní fánííṣì tí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń kun ọ̀pá kó lè máa dán ló ní adùn tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó lá èyí tí kò tíì gbẹ, ahọ́n wú, kò sì lè sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Ìyàwó rẹ̀ ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó, òun ò tíì rí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀.

Òun náà ló fi ọ̀sẹ̀ kan tún ọ̀pá kọ́tìnì aládùúgbò kan ṣe, tó to òrùka okùn ìwọ̀ sí i lára, tó sì dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí aládùúgbò náà bú sẹ́rìn-ín, Amọ̀tán ní ẹni tó fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kọ́ kọ́tìnì ló yẹ kójú tì. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì.

Ó ní ìwé ńlá kan tó ń kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ sí, tó sì ń lẹ òwú wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òkú nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. "Alààyè lè ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ lọ́la," ló máa ń wí. Ọmọ rẹ̀ ò sì fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju kí bàbá òun sọ pé iṣẹ́ òun dára. Ì báà fi iná àtùpà na ọparun tó wọ́ títí yóò fi tọ́, ohun tí yóò gbọ́ ni, "Ó ṣeé wò." Lẹ́yìn tí dókítà lọ, ó dúró kí bàbá tún sọ pé ọwọ́ ọ̀gá ni. Bàbá ní, "Fánííṣì ẹ pọ̀ díẹ̀."

Kò pé oṣù kan tó kú lórí àga rẹ̀, ọ̀pá lórí itan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ fẹ́ parí òrùka dókítà. Ó ṣí ìwé náà láti wá àwọ̀ òwú. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ó rí òwú pupa ti ara rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ tí dókítà wá sì wà lókè rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, bàbá kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi. Ọ̀gá ni. Ó ṣì wà láàyè. Fánííṣì rẹ̀ pọ̀ díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Àárò bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Ó bá mú ọ̀pá dókítà kúrò lórí ìṣó, ó yọ ahọ́n, ó sì lá a.

"Bàbá," ló wí fún àga tó ṣófo, "ó pọ̀ díẹ̀ lóòótọ́."