Ahọ́n Ìyá Aláró

Orúnkún ló gbé Ìyá Aláró dé ọsibítù lọ́jọ́ yẹn. Dókítà ní kó yọ ahọ́n síta. Ìyá yọ ọ́, ahọ́n dúdú minimini! Dókítà figbe ta pé èémí ìyá ti ń tán, ó ní kí nọ́ọ̀sì gbé ọ́síjìn wá kíákíá. Wọ́n ti ń ki rọ́bà bọ ìyá nímú kó tó ráyè sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, aró ni mo tọ́ wò láàárọ̀. Orúnkún ló ń dùn mí o!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ rẹ̀ obìnrin tó sìn ín lọ. Àmọ́ òótọ́ ni ìyá sọ. Bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò ló ṣe máa ń tọ́ ìkòkò aró rẹ̀ wò, kó tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ó ní ojú lè tanni jẹ, ahọ́n kì í tanni.

Ọkùnrin kan gbé aró oníyẹ̀fun inú agolo wá bá a, ó ní kíá ni tiẹ̀ ń mú aṣọ.

"Ó dáa. Tọ́ ọ wò kí n rí i."

"Háà! Ìyá mi, májèlé ni o!"

"O wá fẹ́ kí ìkòkò mi jẹ ẹ́? Gbé e, máa lọ."

Ìyàwó ojú ọ̀nà kan tún wá gba aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyá ní aṣọ ò tíì mu aró tó.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ọ̀la ni ìgbéyàwó!"

"Sọ fún ọkọ kó ní sùúrù. Ṣebí ó ní òun fẹ́ràn rẹ?"

Ọmọbìnrin náà já aṣọ tútù gbà lórí okùn, ó sá lọ. Nínú gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó náà, ọwọ́ ìyàwó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá tọrọ ọ̀kan, ó gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ fún àwọn aláìnísùúrù.

Ọmọ rẹ̀ ló jìyà orí kunkun yìí jù. Láti kékeré ló ti ń bá a rẹ aṣọ, ohun kan ṣoṣo ló sì ń wá: kí ìyá rẹ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó ní ó dára. Ìyá ò sọ ọ́ rí. Á wo aṣọ náà, á kùn hùn-ùn, á tún un rẹ fúnra rẹ̀. Ọmọ á wọ yàrá lọ sunkún.

Àìsàn dé. Ìyá ní kí wọ́n bu aró díẹ̀ wá fún òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tọ́ ọ wò. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bí omi lásán ló ṣe rí lẹ́nu mi."

Ọmọ ló wá ń dá rẹ aṣọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ọ̀kan wọlé wá hàn án. Ìyá nà án sí ojú fèrèsé, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Oníbàárà kan ni, Màámi. Ọ̀la ló ń bọ̀."

"Rẹ òmíràn fún un."

Ọkàn ọmọ rẹ̀wẹ̀sì. "Kí ló tún ṣe èyí?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo fẹ́ fi bora."

Ó wọ́ ọ bo ara rẹ̀ dé ọrùn, ó sì kọjú sí ògiri. Abẹ́ rẹ̀ ló kú sí. Ọmọ rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i kúrò, aṣọ náà ni wọ́n sì fi sin ín.